Kí Ló Kù Lẹ́yìn Owó Orí àti Owó Ilé?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé wa

   

Iṣẹ́ tí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n wá sọ bí èèyàn ṣe lè mọ ibi tó ṣeé gbé ní Amẹ́ríkà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Nínú wa, àwọn kan wà ní Maryland tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí Houston nítorí wọ́n gbọ́ pé kò sí owó orí níbẹ̀. Àwọn kan wà ní Houston tí wọ́n ń gbọ́ iye owó oṣù tí wọ́n ń san ní Maryland, tí itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Àwọn mìíràn sì wà nílé níbí tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìlú wo ni kí n forí lé?"

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ẹni tó ra aṣọ tí kò bá a mu lè fún àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ilé síbi tí agbára rẹ̀ kò ká, ọgbọ̀n ọdún ni ìwé gbèsè rẹ̀. Àwọn ọmọ á ti yí ilé ẹ̀kọ́ padà, ìyàwó á ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọkọ á ti ta ọkọ̀ láti fi kó ẹrù. Kì í ṣe ohun tí èèyàn á kàn sọ pé "ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà."

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, n kì í ṣe oníṣirò owó. Ohun tí oníròyìn mọ̀ náà ni bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni mo kó wá: èló ló ń wọlé? Èló ni ìjọba ń mú? Èló ni ilé ń jẹ? Ẹni tó bá béèrè ọ̀kan tí kò béèrè méjì yòókù, kò tíì béèrè nǹkan kan.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ KÁÚNTÌ?

Tí ẹnìkan bá ní "Texas ni mo wà," kò tíì sọ ibi tó ń gbé. Ó dà bí kí èèyàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lòun ń gbé. Ọ̀yọ́ ibo? Ṣé Bódìjà ni àbí Ìgbẹ́tì? Owó ilé méjèèjì kò lè dọ́gba láé.

Amẹ́ríkà pín ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí káúntì, gbogbo rẹ̀ sì lé ní 3,000. Texas nìkan ní 254. Delaware ní 3 péré. Ẹ lè fi káúntì wé ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n tiwọn ní eyín lẹ́nu. Káúntì ń gba owó orí lórí ilé, ó ní ṣẹ́rífù, ó ní ilé ẹjọ́. Ní Maryland, ó tún ń mú tirẹ̀ nínú owó oṣù, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba sì wà lábẹ́ káúntì.

Mẹ́ta ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Prince George's àti Montgomery jẹ́ aládùúgbò ara wọn ní Maryland, ẹ̀bá Washington ni àwọn méjèèjì wà. Nínú ìkànìyàn 2020, èèyàn 967,201 ló wà ní Prince George's, 1,062,061 ló wà ní Montgomery. Ẹ̀kẹta ni Harris, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú Houston wà. Èèyàn 4,731,145 ni wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún náà. Mo mú wọn nítorí àwọn èèyàn wa wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ máa rí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, mọ́ṣáláṣí wọn, àti ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti lè ra èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí.

ÈKÍNÍ: ÈLÓ LÓ Ń WỌLÉ?

Tí wọ́n bá sọ fún yín pé owó ń wọlé fún àwọn ará káúntì kan, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Bí èmi àti mẹ́sàn-án nínú yín bá tò sórí ìlà, tí Aliko Dangote wá dúró tì wá, tí wọ́n ro owó gbogbo wa pọ̀ tí wọ́n pín in dọ́gba lórí ìwé, gbogbo wa ti di olówó tabua nìyẹn. Ṣùgbọ́n àpò mi ò ní gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ìyẹn ló fà á tí àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà fi ń to àwọn ìdílé láti orí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, tí wọ́n á wá mú ìdílé tó bọ́ sí àárín gan-an. Owó ìdílé àárín yìí ni kí ẹ máa béèrè. Nínú ìṣirò wọn fún 2018 sí 2022, ti Montgomery lé díẹ̀ ní 125,000 dọ́là lọ́dún. Ti Prince George's sún mọ́ 98,000. Ti Harris jẹ́ nǹkan bí 70,000.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì níbẹ̀. Ọ̀kan ni pé owó ìdílé ni, kì í ṣe owó èèyàn kan. Ọkọ àti ìyàwó lè jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ tó ti dàgbà lè wà nínú ilé tó ń mú tirẹ̀ wá. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù kan, tó tún ń tọ́jú arúgbó ní òpin ọ̀sẹ̀ kí owó tó pé, oorun tí kò sùn wà nínú owó yẹn. Ẹ kà á mọ́ ọn.

Èkejì ni ibi tí owó náà ti ń wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Prince George's àti Montgomery ló ń jẹun lára iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ti ń pe é ní iṣẹ́ tí kò lè mì, àfìgbà tí ọdún 2025 dé tí ìjọba dá òṣìṣẹ́ púpọ̀ dúró. Houston ní tirẹ̀, epo rọ̀bì ni. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láàrin ọdún 1980 sí 1989, ìlú náà jẹ ìyà rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹ má béèrè iye owó oṣù nìkan. Ẹ béèrè ẹsẹ̀ mélòó tó dúró lé.

ÈKEJÌ: ÈLÓ NI ÌJỌBA Ń MÚ?

Ọ̀rọ̀ tó gbilẹ̀ jù láàrin wa ni pé "Texas ò gba owó orí." Ìdajì òtítọ́ ni. Texas kò gba owó orí lórí owó oṣù. Ní 2019, àwọn aráàlú tiẹ̀ dìbò pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé: ìjọba tí kò bá gba owó lórí orí rẹ, á gbà á lórí òrùlé rẹ.

Ọ̀nà márùn-ún ni ìjọba ń gbà mú owó lọ́wọ́ èèyàn níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti ìjọba àpapọ̀: owó orí lórí owó tó ń wọlé, pẹ̀lú ìdá 7.65 nínú 100 tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù fún owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera àwọn àgbà. Òfin rẹ̀ kò yàtọ̀ láti káúntì kan sí òmíràn.

Èkejì ni ti ìpínlẹ̀ lórí owó tó ń wọlé. Ti Texas, òfo. Ti Maryland bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 2 nínú 100, ṣùgbọ́n ìdá 4.75 ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń san lórí èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn.

Ẹ̀kẹta ni ti káúntì lórí owó kan náà. Maryland ni mo wà ṣì o. Prince George's àti Montgomery gba ìdá 3.2 nínú 100 fún ọdún 2024. Worcester, tó wà létí òkun nínú Maryland kan náà, gba 2.25. Ẹ rí i pé ẹni tó ní "owó orí Maryland" kò tíì sọ tán.

Ẹ̀kẹrin ni owó orí lórí ilé. Ibí ni Texas ti ń gba ẹ̀san. Ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ lórí ilé, ṣùgbọ́n káúntì ń gbà, ìlú ń gbà, àjọ ilé ẹ̀kọ́ ń gbà, àwọn adúgbò kan sì tún ní àjọ omi tiwọn tó ń gbà. Tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní Harris, ó lè tó dọ́là 2 lórí 100 dọ́là iye ilé, ó sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ láwọn ibòmíràn. Ní Prince George's, ti káúntì jẹ́ bíi dọ́là 1 lórí 100, wọ́n á wá fi ti ìpínlẹ̀ àti àwọn wẹ́wẹ́ yòókù kún un.

Ẹ̀karùn-ún ni owó orí lórí ọjà. Maryland, ìdá 6. Houston, 8.25.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilé tàbí tí ẹ fẹ́ rà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ní Texas, ìdínkù wà fún ẹni tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀. Ní 2023, ìbò àwọn aráàlú gbé e dé 100,000 dọ́là tí àjọ ilé ẹ̀kọ́ kò gbọ́dọ̀ kà mọ́ iye ilé náà. Ní 2025, ó di 140,000. Òfin tún ní pé iye tí wọ́n fi ń gba owó orí lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 10 nínú 100 lọ sókè lọ́dún kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ̀wé béèrè, wọn kì í fún un. Bí wọ́n bá sì díye lé ilé yín ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ni gbèdéke rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ní Maryland, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń díye lé ilé, ìdínkù tiwọn náà wà, ó sì gba kí ẹ kọ̀wé.

Àwọn tó ń háyà ilé á ní ọ̀rọ̀ yìí ò kan àwọn. Ó kàn yín o. Kò sí onílé tó ń san owó orí ilé láti inú àpò ara rẹ̀ tí kò ní rọra kì í bọ inú owó háyà. Ìdínkù tí mo sọ yẹn kò sì sí fún ilé tí wọ́n fi ń háyà.

Ẹ̀KẸTA: ÈLÓ NI ILÉ Ń JẸ?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní òṣùwọ̀n kan. Ilé kò gbọ́dọ̀ jẹ ju ìdá 30 nínú 100 lọ nínú owó tó ń wọlé kí wọ́n tó yọ owó orí. Ìdílé tí ilé ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní ẹrù ilé ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bó bá kọjá ìdajì, ẹrù náà ti ń tẹ̀ ẹ́ pa nìyẹn. Òṣùwọ̀n yìí wá láti inú òfin ilé tí ìjọba ń kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù. Ní 1969, ìdámẹ́rin owó ni wọ́n ní ayálégbé kò gbọ́dọ̀ san jù. Ní 1981, wọ́n gbé e sí 30.

Nígbà tí mo bá ní owó ilé, kì í ṣe owó háyà nìkan tàbí owó tí ẹ ń san padà fún báńkì. Ẹ fi owó orí ilé kún un. Ẹ fi ìnṣọ́ránsì kún un. Tó bá jẹ́ ẹ̀sítéètì tó ní ẹgbẹ́ onílé, ẹ fi owó ẹgbẹ́ kún un.

Ẹ sì wo ọkọ̀ pẹ̀lú. Ní Prince George's, ọkọ̀ ojú irin Metro wà tó ń gbé èèyàn wọ Washington. Ní Houston, ìlú náà gbòòrò, ibi púpọ̀ ló wà tí tọkọtaya kò ti lè fi ọkọ̀ kan ṣe é. Ilé tó jìnnà tó rọjú, epo ọkọ̀ àti owó ojú ọ̀nà lè gba ohun tó rọjú níbẹ̀ padà.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ

Ẹ mú bírò. Àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ ṣe, kì í ṣe ìdílé kan pàtó. Tọkọtaya kan ní ọmọ méjì, owó àwọn méjèèjì pọ̀ jẹ́ 100,000 dọ́là lọ́dún. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n fẹ́ ra irú ilé kan náà, tí wọ́n ń tà ní 420,000 ní Prince George's, tí wọ́n ń tà ní 300,000 ní Harris. Wọ́n san ìdá 10 sílẹ̀, wọ́n yá ìyókù ní èlé 6.5 fún ọgbọ̀n ọdún. Owó orí ìjọba àpapọ̀ dọ́gba, nítorí náà mo fi í sílẹ̀.

Ní Prince George's: owó orí ìpínlẹ̀ àti ti káúntì lórí owó oṣù, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ohun tí òfin ní kí wọ́n yọ, á tó bíi 6,300. Owó báńkì lọ́dún, 28,700. Owó orí ilé, ká fi í sí 5,500. Ìnṣọ́ránsì, ká fi í sí 1,800. Àpapọ̀ rẹ̀, 42,300.

Ní Harris: owó orí lórí owó oṣù, òfo. Owó báńkì, 20,500. Owó orí ilé, lẹ́yìn ìdínkù tí mo sọ, ká fi í sí 5,300. Ìnṣọ́ránsì, pẹ̀lú ti omíyalé, ká fi í sí 4,500. Àpapọ̀ rẹ̀, 30,300.

Ṣé ẹ rí nǹkan? Ilé Harris fi 120,000 kéré sí ti Prince George's, síbẹ̀ owó orí ilé àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Harris ṣáà borí pẹ̀lú 12,000 dọ́là lọ́dún. Ìdá tó pọ̀ jù nínú èrè yẹn, ara iye tí wọ́n ń ta ilé ló ti wá. Owó orí kọ́ ni babaláwo tó ṣe iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun là ń yìn.

Ẹ jẹ́ ká tún un yẹ̀ wò. Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Maryland á san iye kan náà fún wọn ní Houston? Bí owó àwọn méjèèjì bá fi nǹkan bí 15,000 dín kù nígbà tí wọ́n kó lọ, gbogbo èrè náà ti lọ nìyẹn.

Èyí tó ya èmi alára lẹ́nu ni pé tí ẹ bá gbé ilé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n ìdá 30, ti Prince George's ń jẹ 36,000. Fún ìdílé àárín tibẹ̀, tó ń gba nǹkan bí 98,000, ó tó ìdá 37 nínú 100. Ti Harris ń jẹ 30,300. Ṣùgbọ́n ìdílé àárín ti Harris, 70,000 ló ń gbà. Ìdá 43 ni ilé ń jẹ lọ́wọ́ tiwọn! Ilé tó rọjú lójú ẹni tó gbé owó Maryland wá kò rọjú rárá lójú ọmọ onílùú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí nìyí: kò sí ilé tó pọ̀ ní tirẹ̀, kò sì sí owó oṣù tó tó ní tirẹ̀. Ẹ gbé ilé káúntì kan ti owó káúntì yẹn gan-an, ẹ yọ owó orí rẹ̀, kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

OWÓ ORÍ TÍ A SAN, KÍ LÓ RÀ?

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé káúntì tí owó orí rẹ̀ kéré jù ló dára jù. Owó orí dà bí owó èésú. Ẹ béèrè ohun tí ẹ máa kó níbẹ̀.

Ní 1978, àwọn ará Prince George's dìbò fi ìdè de owó orí ilé kí káúntì má lè gbé e sókè bó ṣe wù ú. Inú onílé dùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti wà lórí owó ilé ẹ̀kọ́. Ní 2015, alákòóso káúntì náà, Rushern Baker, fẹ́ gbé owó orí ilé sókè nítorí àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ìgbìmọ̀ káúntì kò gbà kó tó iye tó béèrè. Òbí tó bá fi owó orí tó jèrè sanwó ilé ẹ̀kọ́ aládàáni fún ọmọ mẹ́ta, èrè dà?

Ẹ tún wo ewu tó wà nínú ilé fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ka Prince George's mọ́ àwọn káúntì tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí tó lówó jù ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé dàrú ní 2008, òun náà ló jìyà jù ní Maryland. Àwọn kan ti yá owó tí èlé rẹ̀ ń gòkè, báńkì sì gba ilé wọn. Ní Houston, ìjì Harvey dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, omi wọ ilé tí ẹnikẹ́ni kò rò pé omi lè dé. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ra ti omi, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń tà sì sábà máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó dúró dìgbà tí wọ́n kéde ìjì ti pẹ́ jù.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń PALẸ̀ MỌ́

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ fi ìbéèrè wọ̀nyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń pè yín wá:

Orúkọ káúntì náà gan-an ńkọ́, kì í ṣe ìpínlẹ̀ nìkan?
Èló ló ń kù lọ́wọ́ rẹ lóṣù lẹ́yìn owó orí àti owó ilé?
Owó orí ilé tí o san ní ọdún tó kọjá, èló ni?
Ṣé iṣẹ́ tí mo mọ̀ wà níbẹ̀, èló sì ni wọ́n ń san fún un níbẹ̀?
Ọkọ̀ mélòó ni ìdílé rẹ nílò?
Ṣé omi ti wọ àdúgbò náà rí?

Bó bá lọ́ tìkọ̀ nígbà tí ẹ béèrè ìkejì, ẹ má bínú sí i. Ìtìjú ni, kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ WÀ NÍLÉ

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ wa náà. Nígbà tí a bá fẹ́ dá owó láti tún òrùlé kíláàsì ṣe, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ará òkè òkun dá èyí tó pọ̀." A gbọ́ pé ẹnìkan ń gba 100,000 dọ́là, a ti sọ ọ́ di náírà lójú ẹsẹ̀, a ti fi í ra ilẹ̀, a ti fi í kọ́ ilé, a wá ń bínú pé ó ahun.

Ẹ jẹ́ ká máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ rántí tọkọtaya inú àpẹẹrẹ wa. Wọ́n gba 100,000. Ìdá 7.65 ti lọ, ó ku díẹ̀ lé ní 92,000. Ní Prince George's, 42,300 mìíràn ti lọ, ó ku bíi 50,000. Owó orí ìjọba àpapọ̀ ń bọ̀, oúnjẹ ń bọ̀, ọkọ̀ ń bọ̀, owó ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ń bọ̀, ọsibítù ń bọ̀. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni ìyá tó wà nílé wà, ẹ̀yìn ìyá ni àbúrò, ẹ̀yìn àbúrò ni ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó fi 100 dọ́là ránṣẹ́ sí wa láti inú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ó ṣe ohun ńlá. Kì í ṣe pé kí wọ́n má dá owó o. Mo mọ̀ pé òrùlé náà ń jò. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a máa bu owó fún èèyàn ní ìwọ̀n ohun tó kù sí i lọ́wọ́, kì í ṣe ní ìwọ̀n ohun tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará òkè òkun náà, ẹ ní ẹ̀bi tiyín. Ẹ máa sọ òótọ́. Bí ẹ bá wá sílé lóṣù Kejìlá tí ẹ ń ná owó bí ẹni pé igi ló ń so ó, àbúrò tó ń wò yín á lọ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó lè dé ibi tí ẹ ti wá. Tí ó bá dé, inú yàrá kan náà pẹ̀lú yín ni yóò sùn, yóò sì máa wò yín bí ẹ ṣe ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ kó tó ta ilẹ̀.

Mo dúró níbí. Èló ló ń wọlé, èló ni ìjọba ń mú, èló ni ilé ń jẹ. Ẹ máa béèrè rẹ̀ pa pọ̀, ẹ máa dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú òótọ́.  Ẹ̀mí wa á gùn, ilé ìwé wa á máa tẹ̀ síwájú, ọdún tó ń bọ̀ á tún bá wa láyọ̀.